Àpótí Íméèlì Tó Kún Àkúnwọ́sílẹ̀: Ta Ló Ń Dúró De Èsì?

Ìfáàrà

Nínú ẹ̀kọ́ àròkọ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa, láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, àyè ńlá ni a yà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà kíkọ. À ń kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. À ń kọ́ wọn ní ibi tí àdírẹ́sì ń wà, ibi tí déètì ń wà, bí a ṣe ń kí ẹni tí a ń kọ̀wé sí àti bí a ṣe ń kádìí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ mìíràn kì í fojú fo àmì ìdánudúró díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé lẹ́yìn ìkíni. Yóò yọ máàkì kan níbẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjìdínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì bá ibì kan pàdé nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ tí mo lò, tí a ti ń kọ́ni bí a ṣe ń gba lẹ́tà.

Àléébù yìí kò hàn nígbà tí lẹ́tà kò pọ̀. Ẹni tó bá ní àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàgámù yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, yóò kó lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó bá wà níbẹ̀, yóò sì ti ka gbogbo rẹ̀ kí ó tó délé. Lẹ́tà kan kò lè fara pamọ́ sábẹ́ òmíràn. Ẹni tó sì fẹ́ kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò ra sítáḿpù ọgọ́rùn-ún; ìnáwó náà yóò mú kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ray Tomlinson, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní ọdún 1971, tí ó sì fi àmì @ ya orúkọ ènìyàn kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ sítáḿpù ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ṣe wàhálà ju ẹni tó ń kọ̀wé sí ẹnì kan lọ. Ìdí nìyí tí àpótí íméèlì wa fi ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Pípọ̀ tí lẹ́tà pọ̀ kọ́ ni ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni pé lẹ́tà tí ẹnì kan ń dúró de èsì rẹ̀ ń sùn sábẹ́ ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a fi tún àpótí wa tò kì í ṣe “Kí ni lẹ́tà yìí ń sọ?” bí kò ṣe “Ta ló ń dúró de èsì?”

Ohun tó ṣojú mi

Èmi gan-an ni àpẹẹrẹ tí n óò kọ́kọ́ lò. Ní ọdún 2018, mo wà lára àwọn tí ń ṣètò bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ṣe lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí T.P. Àkókò yẹn, lẹ́tà tí n kò tíì ṣí nínú àpótí íméèlì mi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo tilẹ̀ máa ń fi ṣe àwàdà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹni pé àmì iṣẹ́ púpọ̀ ni. Ìpolówó ọjà wà níbẹ̀. Ìkéde àpérò tó jẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì sí àwọn tó pè é wà níbẹ̀. Lẹ́tà àwọn tó ní àwọn fẹ́ bá mi pín ogún wà níbẹ̀. Ìwé ìkéde ìpàdé kan náà tí a fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta náà wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi ní ọjọ́ Ajé kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a pín in sí ní àwọn ti ní olùkọ́ Yorùbá tó pọ̀ tó, pé kí ó lọ gba ìwé ìpínsíṣẹ́ mìíràn wá, kí ó sì ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Ìkíni gba mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ gba méjì. Ọ̀sẹ̀ keje ni mo tó rí i, nígbà tí mo ń wá ìwé mìíràn tí n kò tilẹ̀ rí. T.P. ti lọ jìnnà. Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ju kí ó dúró di ọdún kejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ṣe fi ọdún kan gbáko jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE wọn.

Mo ránṣẹ́ pè é. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tún kọ̀wé, tàbí kí ó pè mí lórí fóònù, tàbí kí ó wá sí ọ́fíìsì mi. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ yín ni.” Èmi tí mo jẹ̀bi ni ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi iye lẹ́tà tí n kò kà ṣe àwàdà mọ́.

Ọmọdé kì í rán àgbà létí

Àwọn ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ lórí ètò íméèlì máa ń gbà láìjiyàn pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì, ẹni tó kọ ọ́ yóò tún un kọ. Ní ilẹ̀ ibòmíràn, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní Rẹ́mọ tàbí níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé bí òun bá ti gbé ọ̀rọ̀ síwájú àgbà, òun ti ṣe tòun. Bí ó bá tún pa dà wá lọ́jọ́ kejì láti béèrè pé “Ẹ ti rí i?”, a ó ní kò ní sùúrù, tàbí pé ó ń pàṣẹ fún àgbà. Ìdákẹ́ àgbà pàápàá ní ìtumọ̀ lójú ọmọdé: ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé àgbà ń rò ó lọ́wọ́. Ohun kan tí kì í wá sí ọkàn rẹ̀ ni pé àgbà kò tilẹ̀ rí lẹ́tà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ìyà yìí ń jẹ. Ọ̀gá àgbà tó bá kọ̀wé sí wa tí a kò dáhùn yóò pè wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹlẹgbẹ́ wa yóò bá wa ní yàrá ìkọ́ni, yóò sì sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí tí kò mọ̀ wá rí, àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní abúlé tó ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni rúdurùdu àpótí wa ń pa lára jù. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí à ń wí yìí ti kó dé inú fóònù wa.

Àwọn kan lè wí pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú kí ó pè. A ti sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ kò fi lè pè. Àwọn mìíràn lè wí pé akọ̀wé ni kí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà fún iṣẹ́ náà. Ìyẹn ìbá dára, ṣùgbọ́n títí a ó fi rí akọ̀wé gbà, orúkọ wa ló wà lára àdírẹ́sì náà.

Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ìwé gbígbà

Àìmọ̀kan kọ́ ló fà á; ìgbàgbé ni. Kí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó dé, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Gbogbo wa ni a ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àti pé bí ẹni náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ìtumọ̀ ẹyọ owó ni a máa ń tẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kejì: mẹ́fà kò dá dúró, mẹ́jọ ń tẹ̀ lé e. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni àrokò tí kò ní èsì. Òwe wa sì wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ jíjẹ́ ni lẹ́tà, kì í ṣe ìwé lásán.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì dé, àwọn akọ̀wé tó wà níbi ìkófáìlìpamọ́sí, èyí tí a mọ̀ sí rẹ́jísírì, ní ìlànà tó gún régé. Bí lẹ́tà bá ti wọlé, wọn yóò lu òǹtẹ̀ déètì mọ́ ọn, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà nínú fáìlì, wọn yóò sì gbé fáìlì náà lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Lórí tábìlì ọ̀gá, àwo ìwé mẹ́ta ló máa ń wà: IN fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, OUT fún èyí tó ti parí, K.I.V. fún èyí tí ojú ṣì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ B.U. àti déètì sára fáìlì, akọ̀wé yóò gbé e pa dà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá kọ P.A., fáìlì náà yóò lọ sí ibi ìpamọ́. Nígbà tí lẹ́tà kó wọ inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa di akọ̀wé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé.

Ẹni tó bá sì tún fẹ́ ẹ̀kọ́ kí ó lọ sí ọjà obì ní Sábó, Ṣàgámù. Ìyá tó ń ta obì gbàǹja kì í fi iye obì inú apẹ̀rẹ̀ yangàn. Lẹ́yìn tó bá ti bó èèpo rẹ̀, tó sì ti fọ̀ ọ́, yóò fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀, yóò kó o sí i. Kò parí síbẹ̀. Yóò máa tú u wò láti ìgbà dé ìgbà, yóò máa ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò kí ó tó ran àwọn yòókù. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni èyí tí kò lè dúró dọ̀la. Bí a ṣe yẹ kí a máa wo àpótí lẹ́tà náà nìyẹn.

Bí a ṣe lè tún àpótí náà tò

Èkíní, kí a kọ́kọ́ wá àwọn ènìyàn kí a tó kó pàǹtí. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a pa gbogbo lẹ́tà àtijọ́ rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹ tẹ orúkọ kíláàsì yín, tàbí ọ̀rọ̀ bíi “T.P.”, “sà”, “mà” àti “ẹ jọ̀ọ́” sí ibi ìṣàwárí, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ dá àwọn wọ̀nyí lóhùn, ìbáà jẹ́ láti tọrọ àforíjì nìkan.

Èkejì, kí a wá àyè. Nígbà tí Google gbé Gmail jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, àyè gígábáìtì 1 ni ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, 15 ni ẹni tí kò sanwó ní, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ àti ìwé tó bá fi pamọ́ sórí Google Drive ló jọ ń pín in. Bí àyè náà bá kún, lẹ́tà tuntun kò ní wọlé mọ́. A ó dá a pa dà fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ tẹ larger:10M sí ibi ìṣàwárí, lẹ́tà tó gbé ìwé tàbí àwòrán ńlá dání yóò jáde. Ẹ gbé èyí tó wúlò sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Èyí tí a pa rẹ́ yóò ṣì wà nínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù fún 30 ọjọ́. Nítorí náà, bí a bá ṣe àṣìṣe, a lè tètè gbé e pa dà.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ìlànà rẹ́jísírì ṣe iṣẹ́. Kò yẹ kí ohunkóhun ṣòro fún ẹni tó mọ àwo ìwé mẹ́ta yẹn. Àmì ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ni K.I.V. wa: èyí tí ẹnì kan ń dúró de èsì rẹ̀ nìkan ni kí a fi í sí. Snooze, tó ní àmì aago, ni B.U. wa: yóò gbé lẹ́tà náà kúrò lójú, yóò sì dá a pa dà lọ́jọ́ àti wákàtí tí a bá yàn. Archive ni P.A. wa: lẹ́tà náà kúrò lórí tábìlì, kò kúrò nílé. Lẹ́tà ìpolówó tí a kò bèèrè fún, kí a wá ibi tí wọ́n kọ unsubscribe sí nísàlẹ̀ rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ lẹ́tà jìbìtì, kí a má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Kí a fi í sọ́dọ̀ àwọn spam.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan àkókò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó: kí a tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ àti kí a tó kúrò ní ọ́fíìsì. Lẹ́tà tí èsì rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ, kí a dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó gba ìrònú, kí a kọ ọ́ pé, “Mo ti rí ìwé rẹ. N óò dá ọ lóhùn ní ọjọ́ Ẹtì.” Gbólóhùn méjì yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkàn ẹni tó ń dúró balẹ̀.

Merlin Mann, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ Inbox Zero di gbajúgbajà, pàápàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó bá àwọn òṣìṣẹ́ Google sọ ní ọdún 2007. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kí àpótí ṣófo ni ó ń wí. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni bí lẹ́tà kò ṣe ní máa gba ọkàn ẹni mọ́ni lọ́wọ́. Àwa náà kò bèèrè àpótí òfìfo. Àpótí tí kò sí ẹni tí a gbàgbé sínú rẹ̀ ni à ń bèèrè.

Ohun tó yẹ ní pípamọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Títò kì í ṣe píparẹ́ nìkan. Ìpamọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ibi tí a ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1909, Sopolu Library wà, níbi tí a kó àwọn ìwé rẹ̀ sí. Ọkùnrin yìí ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn rí, ó sì ti jẹ ẹni tó ń bá ará ìlú kọ lẹ́tà gbowó, kí ó tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ó mọ iyì ìwé. Nítorí pé a pa àwọn ìwé náà mọ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń rí ohun ṣèwádìí títí di òní.

Kí ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa yóò fi sílẹ̀? Ìwé tí a kọ sí àwọn òǹkọ̀wé, àdéhùn lórí ìwé kíkà, ìjíròrò lórí àkọtọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí íméèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá fẹ̀yìn tì tàbí tó papò dà, ó ti bá a lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àpótí àdáni tí a kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan. Kí a sì máa tẹ lẹ́tà tó ṣe kókó jáde sínú fáìlì ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan.

Ìgúnlẹ̀

Àbá mẹ́ta ni a fi gúnlẹ̀. Àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, kí a fi íméèlì kún un: kí ó kọ orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ìpele ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí ó nílò èsì sí orí ọ̀rọ̀, kí ìkíni má baà gbé ohun tó ń bèèrè mì. Ìkejì, kí a kọ́ wọn ní lẹ́tà gbígbà, nítorí àwọn náà yóò di olùkọ́ tí àwọn ọmọdé yóò máa kọ̀wé sí, ìbáà jẹ́ lórí íméèlì tàbí lórí WhatsApp.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí sáà bá bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, kí ó sọ ọ́ síta pé: “Bí ẹ bá kọ̀wé sí mi tí ọjọ́ márùn-ún kọjá tí n kò dáhùn, ẹ tún un kọ. Bí n kò bá ṣì dáhùn, ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi. Kì í ṣe àfojúdi. Èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é.” Àgbà nìkan ló lè tú okùn tí àṣà fi de ọmọdé lẹ́nu. Èmi ti ń sọ ọ́ ní ọdọọdún láti ọdún 2018. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn mi nítorí lẹ́tà tí n kò dáhùn, ẹ̀rù ń bà á, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo dìde, mo sì fún un ní àga.